Ta Ló Ni Àwókù Bàálù Ogun?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ wá láti Kàbbà, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, Okun o!

Bàálù ogun já sínú oko, ogun parí, ọgọ́rin ọdún kọjá. Ta ló ni ín? Ṣé olóko ni, àbí ìjọba tó fi jagun, àbí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ayùn débẹ̀?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fèsì tiwọn nínú òfin ọdún 1986: bàálù tó bá já lẹ́nu iṣẹ́ ológun wà lábẹ́ ààbò, ẹni tó bá fẹ́ hú u gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ètò ààbò. Ní Amẹ́ríkà, ẹnu wọn ò kò. Ọmọ ogun ojú omi ní tàwọn kì í bọ́ lọ́wọ́ àwọn láé. Ọmọ ogun òfurufú sì ti yọwọ́ nínú èyí tó já ṣáájú oṣù kọkànlá ọdún 1961, torí iná jó ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò yọwọ́ nínú egungun ọmọ wọn. Ti Netherlands ló wù mí jù. Láti ọdún 2019 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ hú àwókù tí wọ́n gbà pé òkú awakọ̀ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè sin wọ́n. Ta ni nínú wa tí èyí kò yé? Òkú tí a kò tíì sin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba Dennis Copping. Ọmọ ọdún 24 ni, sájẹ́ǹtì nínú ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ní kó wa bàálù ogun Kittyhawk kan tó ti bàjẹ́ lọ síbi tí wọn yóò ti tún un ṣe ní Íjíbítì. Ó ṣìnà, ó já sínú aṣálẹ̀. Ọdún 2012 ni òṣìṣẹ́ epo kan tó rí bàálù náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán, páráṣúùtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Copping ò sí níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń já ẹ̀yà ara bàálù náà lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì fi odidi bàálù ogun Spitfire kan ṣe owó iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí yóò gbé e wá, síbẹ̀ bàálù náà kò dé Lọ́ńdọ̀nù. Íjíbítì dá a dúró, wọ́n gbé e sí El Alamein, wọ́n sì kùn ún lọ́dà tuntun. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n dá a dúró; ilẹ̀ wọn ló já sí. Ọ̀dà yẹn ló dùn mí, torí ohun tí aṣálẹ̀ tọ́jú fún 70 ọdún ló bò mọ́lẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Láti ọdún 1940 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó bàálù ogun wá sí Takoradi ní Gánà nínú àpótí, wọ́n ń tò ó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń wà á gba Èkó, Kánò, Maiduguri àti Khartoum dé Íjíbítì. Ẹ fa ìlà láti Èkó sí Kánò lórí máàpù, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà. Ogun yẹn kàn wá. Ní ọdún 1944, ní àfonífojì Kaladan ní Burma, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ti ogun abẹ́lé wa, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí wọ́n ṣí ní Umuahia ní 1985 ló tọ́jú díẹ̀ nínú bàálù rẹ̀.

Òfin tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918. Bàálù tí wọ́n ṣe lókè òkun ní 1940 kò bá àpèjúwe yẹn mu. Àlàfo ńlá nìyẹn, àwọn aṣòfin wa gbọ́dọ̀ dí i. Kí wọ́n kọ ọ́ pé òkú ló ṣáájú irin, pé a ó kàn sí orílẹ̀-èdè tó ni bàálù, kí àkọsílẹ̀ sì wà ní Lọ́kọ́ja, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wà.

Kí òfin tó dé, ẹni tó bá rí irú ẹ̀ lóko tàbí nígbó ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ayùn kàn án. Bọ́ǹbù tí kò tíì bú lè wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aago inú bàálù ayé ìgbà yẹn sì ní radium, tí wọ́n fi kùn ún kó lè máa tàn lóru, májèlé ni. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti ọlọ́pàá.

Bàbá kan béèrè nínú ìjókòó pé kí ni olóko máa rí gbà. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Èsì mi ni pé ó yẹ kí ìjọba san owó irè oko tó bá bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń hú u, kí wọ́n sì fún ẹni tó fi tó wọn létí lówó tó ju ti àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á ti yọ́ bàálù yẹn di ìkòkò kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó dé.