Ẹkún Endgame: Ta Ló Ni Ín?

Alága, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kó ara yín sẹ́yìn bí ẹni pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ yín, mo kí gbogbo yín. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún mi. Fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gba ìṣẹ́jú 181, nítorí náà ẹ ti mọ̀ pé ìyà máa jẹ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mi ò ní sọ ìtàn Avengers: Endgame, fíìmù àwọn akọni ilé iṣẹ́ Marvel, láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ló ti jáde. Ẹni tí kò bá tíì wò ó títí di òní, tó sì ń bẹ̀ wá pé ká má tú àṣírí rẹ̀ fóun, kí onítọ̀hún rọra dìde kó lọ gba atẹ́gùn níta. Àwọn olùdarí rẹ̀ méjèèjì, Anthony àti Joe Russo, kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé nígbà náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u. Àwọn náà ló tún sọ pé tó bá ti di ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, èèwọ̀ náà ti kúrò nílẹ̀. A ti rékọjá ọjọ́ yẹn, ó ti pẹ́. [Ẹ̀rín.]

Ẹyọ ìbéèrè kan ni mo gbé wá: kí ló pa àwọn èèyàn lẹ́kún? Bàbá onírùngbọ̀n ń nu ojú. Ọmọdé tó wọ ẹ̀wù akọni ń nu ojú. Obìnrin tó kàn sin ọkọ rẹ̀ wá, tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìranù ni gbogbo rẹ̀, òun náà ń wá áńkáṣífù. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní Tony Stark, Iron Man fúnra rẹ̀, ló kú. Èmi ò gbà.

Ikú kò wọ́n nínú irú fíìmù báyìí. Lọ́dún tó ṣáájú, nínú Avengers: Infinity War, Thanos, ọ̀tá gbogbo wọn, fi agbára òkúta mẹ́fà tàka lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdajì gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sì di eruku. Peter Parker, ọmọ tó ń jẹ́ Spider-Man, kú sọ́wọ́ Tony, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò fẹ́ lọ. Àwọn èèyàn banú jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ti mọ̀ pé fíìmù Spider-Man mìíràn wà lọ́nà. Ta ló ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ti ní ìwé ìpè síṣẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀? Bó bá jẹ́ pé ikú ló ń fa ẹkún, ọdún 2018 ló yẹ kí ẹkún náà ti gbẹ. Kò gbẹ.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ìrántí ni. Láti Iron Man ti ọdún 2008 títí dé Endgame, tó jẹ́ ìkejìlélógún wọn, àwọn fíìmù wọ̀nyí ń jẹ wá ní gbèsè kéékèèké: ọ̀rọ̀ tí wọn kò parí, àwàdà tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdé ìdí rẹ̀, ìlérí tí ẹnìkan ṣe kó tó já sínú yìnyín. Àwa tá a jókòó wo gbogbo rẹ̀ la mú àkọsílẹ̀ gbèsè náà sórí. Endgame wá san án lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kéré jù nínú wọn. Captain America, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Steve Rogers, nìkan ló ṣẹ́ kù lórí ìdúró. Thanos ti fi idà fọ́ apata rẹ̀, ó wá fi okùn ìyókù di apá, ó kọjú sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kò lóǹkà. Ohùn kan wá wọ etí rẹ̀, ohùn Sam, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti di eruku: “Lọ́wọ́ òsì rẹ.” Ni òbìrípo iná bá là sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, T'Challa, Okoye àti Shuri, àwọn akọni mìíràn, jáde, àwọn tó ti di eruku sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá láti ibi gbogbo.

Ẹni tí kò wo fíìmù Captain America ti ọdún 2014 kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Nínú fíìmù yẹn, kí ìjà kankan tó bẹ̀rẹ̀, Steve Rogers ń sáré láàárọ̀ ní Washington, ó ń kọjá ọkùnrin kan tó ń mí hẹlẹ. Ó kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún yípo, ó tún kọjá rẹ̀, gbogbo ìgbà ló sì ń kì í nílọ̀ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ lòun ń gbà bọ̀. Inú ń bí ọkùnrin náà. Sam Wilson nìyẹn. Àwàdà eléré ìje ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 5 lẹ́yìn náà, àwàdà yẹn kan náà ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún àwọn òkú, ẹnu ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló sì ti jáde. Ẹni tó jókòó tì yín tí kò mọ ìtàn náà á yíjú sí yín, á ní, “Òsì wo lẹ̀ ń sunkún lé lórí?” [Ẹ̀rín.]

Ẹ̀rí mi gan-an nìyẹn. Fíìmù kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń wò, ariwo kan náà lẹ̀ ń gbọ́. Ẹnìkan ń sunkún, ẹnì kejì ń wo aago. Ohun tó yà yín kò sí lójú ògiri sinimá, inú yín ló wà.

Mo lè máa bá a lọ dilẹ̀, màá sì bá a lọ díẹ̀. Òòlù Thor, tí ẹni tó yẹ nìkan lè gbé: ní 2015, níbi àríyá kan nínú Age of Ultron, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbìyànjú láti gbé e, kò sẹ́ni tó lè gbé e. Nígbà tó kan Steve, òòlù mì díẹ̀, ojú Thor yí padà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ọdún 4 ni àwọn olólùfẹ́ fi jiyàn lórí ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn. Nígbà tí òòlù wá fò wọ ọwọ́ Steve ní 2019, ariwo tó sọ nínú ilé sinimá, àwọn tó ń gbà á sórí fóònù jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ní ìparí Age of Ultron yẹn náà, Steve la ẹnu láti pe ẹgbẹ́ rẹ̀ síjà, ó dárúkọ wọn, ojú ògiri ṣókùnkùn kó tó parí gbólóhùn. Inú Endgame ló ti wá parí rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ̀tàn tó wà níbí, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ìdajì gbólóhùn sílẹ̀ fún ọdún 4, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á dúró dè yín.

Alága ń wo aago. Mo rí yín, alága.

Àwọn alátakò mi pín sí ọ̀nà méjì. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọlẹ́yìn Martin Scorsese, àgbà olùdarí fíìmù. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà púpọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ó sọ fún ìwé ìròyìn Empire pé irú fíìmù wọ̀nyí kì í ṣe sinimá, pé ọgbà ìṣeré ni wọ́n jọ. Bàbá sọ tiẹ̀ tán, ó padà sídìí iṣẹ́. Àwọn tó ń tún un sọ kiri bí ẹsẹ ìwé mímọ́ ló ń dà mí láàmú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wo fíìmù Scorsese náà. [Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́.] Ohun tó lágbára jù tí wọ́n ń sọ ni pé fíìmù tó nílò mọ́kànlélógún lẹ́yìn kò lè dá dúró. Ó dáa, ta ló ní kó dá dúró? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé láti orí tó kẹ́yìn, tó wá ní kò yé òun, ẹjọ́ ta ni?

Ọ̀nà kejì ni àwọn oníṣirò. Ẹ mọ ara yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi àtẹ àkókò ránṣẹ́ sí mi lóru, pé báwo ni Steve ṣe padà sẹ́yìn nínú àkókò, tó lọ fẹ́ Peggy, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó sì tún wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lódò omi bí arúgbó. Christopher Markus àti Stephen McFeely tó kọ eré náà ní inú àkókò wa yìí náà ló ti gbé ayé rẹ̀. Àwọn Russo tó darí rẹ̀ ní rárá, àkókò mìíràn ló lọ gbé. Bí ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó darí rẹ̀ kò bá fẹnu kò, kí lẹ fẹ́ kí n fi ìṣirò ṣe? Kò sẹ́ni tó sunkún nítorí ìṣirò. Ijó ló pa wá lẹ́kún, ijó tí Steve bá Peggy dá ọjọ́ sí nínú fíìmù Captain America ti 2011 nígbà tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ń já bọ̀ lọ sínú yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Tony. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ya ibi tó ti gba àwọn òkúta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́wọ́ Thanos, Tony kò sọ nǹkan kan kó tó tàka. Ó dàbí ẹni pé nǹkan kù. Jeffrey Ford, ọ̀kan lára àwọn olóòtú fíìmù náà, ló dá a lábàá pé kó sọ pé, “Èmi ni Iron Man.” Wọ́n padà lọ ya á. Gbólóhùn tó fi tú àṣírí ara rẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn ní ìparí fíìmù àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 2008, ìgbéraga ló fi sọ ọ́. Ní 2019, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi san án. Ẹ gbé gbólóhùn yẹn fún ẹni tí kò wo ti 2008, ọkùnrin kan ń dárúkọ ara rẹ̀ lásán ni lójú rẹ̀.

Ibi tí mo dé nìyí tí ọ̀dọ́bìnrin kan ní ìlà kẹta fi nawọ́. Alága ní kó dúró di ìparí. Mo ní kó máa sọ ọ́. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní ìrántí ni. Natasha, Black Widow, ńkọ́? Láti 2010 la ti mọ̀ ọ́n. Inú fíìmù kan náà ló kú sí, wọn ò sìnkú rẹ̀. Ṣé àwa ò ní ìrántí tiẹ̀ ni?”

Àtẹ́wọ́ sọ, ó pọ̀ ju tèmi lọ. Mo gbé ìwé mi sílẹ̀, nítorí ìbéèrè yẹn wúlò ju ojú ewé tó kù lọ.

Ẹ wò ó. Natasha Romanoff fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Vormir, pílánẹ́ẹ̀tì kan, kí wọ́n lè rí òkúta ọkàn, ọ̀kan nínú òkúta mẹ́fà náà, gbà. Àwọn ọkùnrin márùn-ún tó kù dúró létí omi, Hulk fi ìbínú ju bẹ́ǹṣì, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó kan Tony, wọ́n gbé òdòdó léfòó lójú omi, gbogbo ayé tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Kódà Harley Keener wà níbẹ̀, ọmọdékùnrin inú Iron Man 3 ti 2013 tó ti wá dàgbà, tí ìdajì àwọn òǹwòran ń bi ara wọn pé, “Ọmọ ta nìyẹn?” Ọmọ tó hàn nínú fíìmù kan ṣoṣo ráyè dúró níbi ìsìnkú. Obìnrin tó ti bá wọn jà fún ọdún 9 kò rí òdòdó kan.

Kì í ṣe pé a ò ní ìrántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe fíìmù ló ń yan ohun tá a máa rántí. Kó tó di ọjọ́ yẹn, Tony ti ní fíìmù mẹ́ta tó jẹ́ tirẹ̀, Steve ní mẹ́ta, Thor ní mẹ́ta. Natasha kò ní ẹyọ kan. (Ẹnìkan pariwo “Hawkeye!” látẹ̀yìn. Òótọ́ ni, òun náà kò ní, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní ilé, aya àti ọmọ tá a fojú rí.) Ọdún 2021 ni fíìmù Black Widow jáde, lẹ́yìn tó ti kú.

Kí wá ni gbèsè tí wọ́n jẹ wá lórí Natasha? Mo wá a kiri, Budapest ni mo rí. Ní 2012, lójú ìjà New York, òun àti Clint, tí í ṣe Hawkeye, fi Budapest ṣe àwàdà, pé kálukú wọn ń rántí rẹ̀ lọ́nà tiẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń lọ sí Vormir, wọ́n tún dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kò dé Budapest rí! Wọ́n mú wa rí eré ìje Sam, wọ́n mú wa rí òòlù tó mì. Wọ́n wá ní ká fi ohun tí wọn kò fi hàn wá sunkún obìnrin yìí. Ìdí nìyẹn tí ikú rẹ̀ fi ń dun àwọn kan bí ìbínú, tí kò dùn wọ́n bí ọ̀fọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbínú náà máa jó. Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Alága ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Orin Alan Silvestri: mo fẹ́ fi ìdajì wákàtí sọ ọ́, ẹ lọ gbọ́ èyí tó kọ fún ìgbà tí àwọn òbìrípo iná ń ṣí. Thor pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Asgard: ẹ tún un wò. Ti owó: ó lé ní bílíọ̀nù 2.79 dọ́là, ó lé Avatar kúrò nípò fíìmù tó pawó jù láyé ní oṣù keje ọdún 2019. Nígbà tí wọ́n tún gbé Avatar jáde ní Ṣáínà ní 2021, ó gba ipò rẹ̀ padà. Ìyẹn kò kàn mí. Àwọn tó dìde kí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó tán kò gbọ́ ìró irin tí wọ́n fi parí rẹ̀, ìró tí Tony ń lù nínú ihò àpáta ní 2008. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n pàdánù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni alága tún gbà. Arákùnrin kan rán wa létí pé ní oṣù keje ọdún 2024 ni wọ́n kéde pé Robert Downey Jr., òṣèré tó ṣe Tony, ń padà bọ̀, pé kì í ṣe Tony ló máa ṣe, Doctor Doom, ọ̀tá mìíràn, ni. Ó ní ṣé wọn kò ti fi ìsìnkú náà ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí?

Mo ní bó bá jẹ́ ikú ló pa wá lẹ́kún, yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrántí ni mo sọ, ojú Downey sì kún fún un. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí tí wọ́n fi pè é nìyẹn. Doom máa ń fi irin bojú. Bí wọ́n bá jẹ́ kí irin náà wà níbẹ̀, tí wọ́n mú ká bẹ̀rù rẹ̀ fún ohun tí Doom fúnra rẹ̀ ṣe, màá pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n bá ṣí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kí ẹnìkan lè wò ó lójú kó sì ké pe Tony, ẹ wá mi lẹ́nu ọ̀nà, màá ti máa lọ sílé.

Ó fẹ́ fèsì. Alága ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.