Ìdí Tí Àrùn Kíndìnrín Fi Ń Pẹ́ Kí Ó Tó Hàn Lára Ẹranko Inú Ọgbà

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ fojú sí abo kìnnìún inú ọgbà ẹranko tó ń lá omi yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bu omi fún un láti àárọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ kò sì láwọ̀ mọ́. Ó ṣì ń jẹ ẹran, ó ṣì ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n olùtọ́jú tí ojú rẹ̀ mú ti ń fura sí kíndìnrín.

Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti sẹ́ ẹ̀gbin inú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀, kí ó sì dá omi tí ara ṣì ń fẹ́ padà. Àwọn asẹ́ tíntìntín inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ara ń lò lọ, nítorí náà bí àwọn kan bá kú, àwọn yòókù a bá wọn ru ẹrù wọn. Nínú ẹ̀yà ológbò, tí kìnnìún wà lára wọn, nǹkan bí ìdá 2 nínú 3 asẹ́ wọ̀nyí lè ti bàjẹ́ kí ìtọ̀ tó máa dà bí omi lásán, ó sì lè tó ìdá 3 nínú 4 kí creatinine, ìyẹn ẹ̀gbin tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń wá, tó ròkè. Ẹranko ẹhànnà kì í sì í fi àìsàn hàn, nítorí pé nínú igbó, èyí tó bá ń ṣòjòjò ni ọ̀tá máa ń kọ́kọ́ rí.

Ọjọ́ orí wà lára ohun tó ń fa àrùn yìí. Kìnnìún inú igbó kì í sábà kọjá ọdún 15, ṣùgbọ́n nínú ọgbà, òmíràn a máa lo 20 ọdún. Ti cheetah, ẹ̀yà ológbò tó mọ eré sá gan-an, kò rí bẹ́ẹ̀: purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní amyloid a máa gbá jọ sínú kíndìnrín rẹ̀, a sì máa pa èyí tí kò tíì darúgbó, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ń fura pé ìnira ìgbé-inú-ọgbà wà lára ohun tó ń fà á. Ní ti ẹyẹ àti ẹran afàyàfà, bí omi kò bá tó wọn, uric acid, ìyẹn ẹ̀gbin tí kíndìnrín wọn ń sẹ́ jáde, lè dì funfun bí ẹfun sára ọkàn àti ẹ̀dọ̀.

Lójú tèmi, àyẹ̀wò gan-an ló le jù. Oògùn oorun a máa fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, èyí sì lè pa kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn lára. Ìdí nìyí tí àwọn ọgbà kan fi ń kọ́ kìnnìún láti fẹ̀gbẹ́ ti irin, kí wọ́n lè fa ìrù rẹ̀ jáde lábẹ́ ìlẹ̀kùn, kí dókítà wá iṣan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ń fi ẹran bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ níwájú. Asẹ́ tó ti kú kì í jí. Omi tí wọ́n ń fà sábẹ́ awọ àti oúnjẹ tí phosphorus (èròjà kan tó wà nínú ẹran àti egungun) rẹ̀ kò pọ̀ ló lè dín eré àrùn náà kù. Lọ́jọ́ mìíràn, abo kìnnìún á jẹ ẹran tán, á fa ìrù rẹ̀ padà, dókítà á sì kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ di ọ̀la.