Fítámì B1: Yíyó Ikùn Nìkan Kò Tó

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn wa. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo bẹ̀ yín, ẹni tí orúnkún kò bá dùn kó lóṣòó, kó sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan.

Ẹ ṣeun. Ẹni tí àìtó fítámì B1, ìyẹn thiamine, ti bá iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jà lè lóṣòó, ṣùgbọ́n dídìde ni yóò di wàhálà. Á fọwọ́ ti itan, á wá àga dì mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kú tipiri. Nígbà mìíràn, ọkàn gan-an ni àìsàn náà ń bá jà: ẹsẹ̀ á wú, èémí á máa há. Bẹribẹri ni orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń jẹ àjẹyó lójoojúmọ́ sì lè ní in. Èyí ni mo tìtorí rẹ̀ wá.

Oúnjẹ afúnnilágbára tí a bá jẹ, ṣúgà ló ń dà nínú ara. Ara á wó ṣúgà náà díẹ̀díẹ̀ kó tó di agbára. Ó ní ibi tó máa dé tí kò ní lè kọjá bí fítámì B1 kò bá sí níbẹ̀. Ṣúgà tí a kò wó tán á wá dúró síbẹ̀, á di ásíìdì nínú ẹ̀jẹ̀, agbára kò sì ní jáde tó. Ọpọlọ àti ọkàn kì í sinmi, àwọn ni ìyà náà sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí a bá ṣe ń jẹ oúnjẹ afúnnilágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara ń béèrè B1 sí i.

Ohun tí ara ń béèrè kò pọ̀: mílígíráàmù 1.2 lójúmọ́ fún ọkùnrin, 1.1 fún obìnrin, 1.4 fún aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ara ń fi pamọ́ kò ju nǹkan bíi 30 lọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ló sì lè gbé e.

Ẹ mú hóró ìrẹsì tí ẹ̀rọ kò tíì dán sí àtẹ́lẹwọ́. Awọ fẹ́lẹ́ kan bò ó, ojú tí yóò ti hù sì wà ní ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú B1 rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ á bó méjèèjì dànù, hóró náà á funfun, á wu ojú.

Ní òpin ọdún 1882, Ryujo, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Japan, gbéra pẹ̀lú ènìyàn 376. Ìrẹsì funfun ni wọ́n ń jẹ jù. Nígbà tí wọ́n fi máa padà délé lọ́dún 1883, 169 ti ní bẹribẹri, 25 sì ti kú. Dókítà Takaki Kanehiro kò sinmi títí tí wọ́n fi gbà kí ọkọ̀ Tsukuba gba ojú òkun kan náà lọ́dún 1884 pẹ̀lú ẹran, mílíìkì àti búrẹ́dì. Bẹribẹri kò pa ẹnì kankan nínú wọn. Takaki rò pé purotéènì ló ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ àkọ́kọ́. Kò rí ìdí rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀mí là.

Lẹ́yìn náà, ní Batavia (Jakarta òde òní) lórí erékùṣù Java, ẹsẹ̀ àwọn adìẹ tí Christiaan Eijkman, dókítà ará Netherlands, ń fi ṣe ìwádìí kò gbé wọn mọ́. Ìrẹsì funfun tó ṣẹ́ kù nílé ìdáná ilé ìwòsàn ológun ni wọ́n ń jẹ. Alásè tuntun dé, ó ní òun kò ní fi ìrẹsì ológun bọ́ adìẹ tí kì í ṣe ti ológun. Wọ́n padà sí ìrẹsì tí a kò bó tán, àwọn adìẹ náà sì gbádùn. Eijkman rò pé oró wà nínú ìrẹsì funfun. Gerrit Grijns, tó ń bá ìwádìí náà lọ lẹ́yìn rẹ̀, ló sọ ọ́ lọ́dún 1901 pé nǹkan kan ni kò sí níbẹ̀. Nǹkan náà ni a mọ̀ sí B1 lónìí.

Ẹ̀wà, ọkà tí a kò bó, ẹ̀pà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní B1 dáadáa. B1 máa ń yọ́ sínú omi, nítorí náà ẹ má da omi tí ẹ fi se ẹ̀wà nù. Sódà tí a ń bù sí ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀ ń bà á jẹ́.

Ibi tó ń dùn mí jù rè é. Ọtí àmujù kì í jẹ́ kí ìfun gba B1 dáadáa, aboyún tó ń bì láìdáwọ́ dúró kò sì rí i gbà. Bí ó bá tán nínú ọpọlọ, ojú á máa gbọ̀n, ìrìn á dojú rú, ọ̀rọ̀ á máa ṣe ségesège. Àwọn èèyàn á ní ó ti mutí yó, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú kíákíá ló nílò, kí iyè rẹ̀ má bàa ra pátápátá. Bí wọ́n bá wá fa omi ṣúgà sí i lára láìfún un ní B1, ṣúgà yẹn lè lo ìwọ̀nba tó kù tán. Tí èèyàn yín kan bá ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n sì fẹ́ fa omi sí i lára, ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fún un ní B1?”