Sinimá Bengali Kò Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Satyajit Ray

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn sinimá Bengali, ìyẹn fíìmù àwọn tó ń sọ èdè Bengali ní Íńdíà àti Bangladesh, 1955 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: olùdarí Satyajit Ray, fíìmù rẹ̀ Pather Panchali, ó tán. Mo bọ̀wọ̀ fún Ray. Ọkùnrin tó fi góòlù ìyàwó rẹ̀ dógò kí iṣẹ́ má bàa dúró, kí ìjọba West Bengal tó wá fún un lówó, ta ni yóò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn? Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ àwọn mìíràn dù wọ́n.

Hiralal Sen ti ń ya fíìmù ní Calcutta, ìlú ńlá Bengal, kí ọdún 1900 tó dé. Iná jó iṣẹ́ rẹ̀ ní 1917, ọdún yẹn náà ló kú. Ní 1935, P. C. Barua darí fíìmù Devdas fún ilé-iṣẹ́ New Theatres, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ẹ̀dá-ìtàn tó ń jẹ́ Devdas nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá níbẹ̀, 1947 ni mò ń lọ.

Ọdún yẹn ni wọ́n la ilẹ̀ Bengal sí méjì: ìwọ̀-oòrùn fún Íńdíà, ìlà-oòrùn fún Pakistan. Àwọn asásàálà rọ́ wọ Calcutta. Olùdarí Ritwik Ghatak, ọmọ tí wọ́n bí ní Dhaka ní ìlà-oòrùn, gbé ọgbẹ́ náà dójú ikú. Ó parí fíìmù Nagarik ní 1952, ọdún mẹ́ta ṣáájú Pather Panchali. Fíìmù yẹn kò dé ilé sinimá títí di 1977, Ghatak sì ti kú ní 1976. Ohun tí kò dé ojú aráyé lásìkò, ṣé ká wá ní kò sí ni?

Ẹ wo fíìmù rẹ̀ Meghe Dhaka Tara, 1960. Nita ló ń bọ́ gbogbo ilé àwọn asásàálà kan. Okùn sálúbàtà rẹ̀ já lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ owó oṣù rẹ̀, àwọn ará ilé ló ń gbà á tán. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ fẹ́ àbúrò Nita. Bí Nita ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ọkùnrin náà, ìró pàṣán là ń gbọ́, kò sì sẹ́ni tó mú pàṣán lọ́wọ́! Nígbà tí ikọ́ ife fẹ́ pa á, ó ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun fẹ́ wà láàyè, àwọn òkè sì ń dá ohùn náà padà.

Nínú Komal Gandhar, fíìmù Ghatak ti 1961, ojú irin kan parí létí odò Padma, nítorí ààlà Íńdíà àti Pakistan. Kámẹ́rà sáré lórí irin náà títí ó fi kan ìdènà, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Ibẹ̀ ni màmá kan ti nawọ́: “Ọ̀gá, àwọn tó wà lódìkejì odò yẹn ńkọ́? Àwọn kì í ṣe Bengali ni?”

Ẹ ṣeun, mà. Mo ti fẹ́ sọ ti olùdarí Mrinal Sen àti òṣèré Uttam Kumar, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ló jù. Ní Dhaka, Abdul Jabbar Khan gbé fíìmù Mukh O Mukhosh jáde ní 1956. Ní 1970, olùdarí Zahir Raihan ṣe Jibon Theke Neya: obìnrin kan gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé, ó ń fìyà jẹ tọkọ tẹbí. Àwọn òǹwòran mọ̀ pé ìjọba ológun Pakistan ló ń bá wí. Orin akéwì Tagore kan tó wà nínú rẹ̀ ló di orin orílẹ̀-èdè Bangladesh, orúkọ tí ìlà-oòrùn náà ń jẹ́ lẹ́yìn tó kúrò lábẹ́ Pakistan ní 1971. Ní January 1972, Raihan wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Mirpur, àdúgbò kan ní Dhaka; a kò rí i mọ́.

Ghatak náà padà sọdá, ó ya fíìmù Titash Ekti Nadir Naam ní Bangladesh, ó jáde ní 1973.

Wọ́n ti ń juwọ́ sí mi pé àkókò ti tó. Ẹ kọ́kọ́ wá Meghe Dhaka Tara wò, kí ẹ tó wo Pather Panchali.