Rẹ́sídẹ́ǹtì: Akẹ́kọ̀ọ́ Ni Àbí Òṣìṣẹ́?

Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò tíì fojú kan oorun láti àná. Iṣẹ́ tèmi ò tó tiyín: ìwé owó orí ni mo máa ń bá àwọn èèyàn ṣe níbí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún, bí ìwé W-2, èyí tó ń sọ iye owó oṣù tẹ́ ẹ gbà lọ́dún tó kọjá, bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin rẹ́sídẹ́ǹtì, dókítà tó ti gboyè àmọ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ sí i nílé ìwòsàn, máa ń gbé wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ẹ̀dínwó fún wa ni? Ṣebí a ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kì í gbowó oṣù, àwọn òbí rẹ̀ ló ń sanwó fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á ṣe fírídọ̀mù tán, kò ní lọ. Á jókòó ti ọ̀gá, á máa gba iye kan lórí aṣọ tó bá rán, á sì máa fojú kọ́ bí ọ̀gá ṣe ń gé agbádá. Jọ́nímáànù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin rèé. Ẹ ti gboyè, ẹ ń gbowó oṣù, ọ̀gá sì ṣì wà lórí yín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òfin Amẹ́ríkà ò ní orúkọ fún jọ́nímáànù. Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ni, ẹni tọ́rọ̀ bá sì kan àpò rẹ̀ ló máa ń sáré sọ yín lórúkọ.

Lọ́dún 1976, àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì ilé ìwòsàn Cedars-Sinai ní Los Angeles fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. NLRB, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń dájọ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ní akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ó di 1999, nínú ẹjọ́ Boston Medical Center, kí ìgbìmọ̀ yẹn kan náà tó yí ohùn padà pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nílé náà, ní oṣù kẹjọ 2014 tí ìyanṣẹ́lódì NMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Nàìjíríà, ń lọ lọ́wọ́, ètò ẹ̀kọ́ rẹ́sídẹ́ńsì ni ìjọba àpapọ̀ ní òun dá dúró. Iṣẹ́ àwọn dókítà ló bá a lọ.)

Ó wá kan owó orí. Òfin ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ tó ti ń kàwé má san FICA, owó tí wọ́n ń yọ fún ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbàlagbà. Ẹ ronú ọmọ yunifásítì tó ń to ìwé sórí pẹpẹ ní láíbùrérì fún wákàtí díẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn náà bá fà á mọ́ra. Ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára yín, iye kan náà ni ilé ìwòsàn sì gbọ́dọ̀ fi tì í. Lórí owó ọdún tó jẹ́ $60,000, $4,590 ni tìrẹ, $4,590 ni tiwọn. Ẹ wá rí i pé ìfẹ́ ìwé nìkan kọ́ ló mú wọn pè yín lákẹ́kọ̀ọ́.

Ilé iṣẹ́ ìṣúná Amẹ́ríkà gbé òfin tuntun jáde tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2005: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tó ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìwòsàn Mayo ní Minnesota pe ìjọba lẹ́jọ́. Àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì wọn ń gba $41,000 sí $56,000 lọ́dún 2006, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ àádọ́ta sí ọgọ́rin wákàtí lọ́sẹ̀. Mayo ní wọ́n ń gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣèdánwò. Ní oṣù kìíní 2011, adájọ́ mẹ́jọ nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ìjọba láre, kò sí ẹni tó ta kò ó láàárín wọn. John Roberts ló kọ ìdájọ́ náà. Kò ní ẹ ò kẹ́kọ̀ọ́ o. Ohun tó sọ ni pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ogójì wákàtí pààlà.

Ní tèmi, inú mi dùn sí i. Ọdún tí o bá san owó yẹn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Bí ọwọ́ oníṣẹ́-abẹ bá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ìjọba tó ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá físà J-1, ti ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ fúngbà díẹ̀, wá láti Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Ìdí-Àràbà, ibí ni kẹ́ ẹ ti tẹ́tí. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ wá nìyẹn, ẹ kì í san FICA rárá, kì í sì í ṣe torí pé ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi ń ka ọdún náà. Ẹni tó dé ní oṣù kẹfà 2024 ti lo ọdún kan tán ní ìparí Disẹ́ńbà, 2025 ni ìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní oṣù kìíní 2026. Oní-H-1B, físà òṣìṣẹ́, ní tiẹ̀ ń san án láti ọjọ́ kìíní. Àwọn tó ń ṣètò owó oṣù kì í sábà rántí ìyàtọ̀ yìí. Àbúrò kan wá bá mi, ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi yọ owó tí kò yẹ kí wọ́n yọ. Ó ní òun rò pé bí Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn ni. Ilé ìwòsàn ni kó o kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí wọn ò bá dá a padà, Form 843 àti 8316 wà, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó náà padà lọ́wọ́ ìjọba.

Ẹ̀dínwó sinimá àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹni tó ń tajà ò ka ẹjọ́ Mayo. Orúkọ rẹ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní dìgírì ló ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń san owó ilé ìwé máa ń gba ìwé 1098-T, ìwọ W-2 ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ímeèlì yunifásítì rẹ lè ṣílẹ̀kùn níbì kan, àmọ́ ka ohun tí wọ́n kọ kó o tó tẹ "mo gbà". Bèèrè ẹ̀dínwó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera dípò rẹ̀, kò sírọ́ nínú ìyẹn.

Àwọn ọmọ wa tó kàwé níbí tí wọ́n jẹ gbèsè ìjọba àpapọ̀, ẹ má fi orúkọ òṣìṣẹ́ ṣeré. Bí ilé ìwòsàn yín bá jẹ́ ti ìjọba tàbí èyí tí kì í pín èrè, oṣù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá sanwó lábẹ́ ètò tó yẹ wà nínú ọgọ́fà oṣù tí wọ́n fi ń fagi lé gbèsè tó kù. Ẹni tó ní kí wọ́n dá ìsanwó dúró torí pé òun ṣì ń kọ́ṣẹ́ ń fi oṣù wọ̀nyẹn ṣòfò.

Ó yá, ẹ gbé fóònù jáde. Ẹ ṣí ìwé owó oṣù tó gbẹ̀yìn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ OASDI sí, ìyẹn apá ìfẹ̀yìntì nínú FICA. Ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ yìí, J-1 ni, oṣù kẹrin rẹ̀ rèé ní Amẹ́ríkà. Ìlà yẹn ò ṣófo.