Ta Ni Mo Tẹ̀lé Wá?

Ẹ káàsán o, ẹ kú alẹ́, ìgbà yòówù kó jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Èmi nìkan ni lónìí, inú mọ́tò ni mo jókòó sí torí àwọn ọmọ ò jẹ́ ká gbádùn nínú ilé, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tó ń ró pá pá pá, òjò Maryland l'Amẹ́ríkà níbí ni, ẹ má bínú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé n'Ílọrin, Tanke ló ń gbé, òun ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lánàá lórí Wọ́sáàpù. Híjáàbù yẹ́lò ló wé, ó wá ká a sókè lápá ọ̀tún, ó ká a lápá òsì, ó rí roboto bí àkàrà méjì, ó sì jẹ́ kí ìyókù máa já wálẹ̀ dé ìdí. Irun Sailor Moon, ọmọbìnrin inú anime, ìyẹn kàtúùnù àwọn ará Japan, ló fi híjáàbù ṣe! Kò ṣí irun sílẹ̀, gbogbo ara ló bò, síbẹ̀ ẹni tó bá mọ Sailor Moon á mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó bọ́ sí i?" Mo ní ó kọjá pé ó bọ́ sí i. Ìyá wa, ọmọ Ìgbómìnà pọ́ńbélé, ní tiwọn, wọ́n wo fọ́tò yẹn títí, wọ́n ní ṣé eégún Ẹlẹ́wẹ ló fẹ́ gbé ni.

Ohun tó mú mi lọ́kàn ni pé ọmọ yẹn ò bi mí bóyá ó yẹ kí obìnrin wà nídìí anime, ìyẹn ò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn rárá. Èmi ńkọ́? L'Ágbo-Ọba n'Ílọrin nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á ra sídí ní Taiwo Road, wọ́n á tilẹ̀kùn, anime Dragon Ball ni títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi ni wọ́n á ní kí n lọ gbé omi tútù wá. Màá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jọ́ọ̀gì lọ́wọ́, màá máa wò ó, kí n tó gbé omi yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á pariwo lé mi lórí. Mi ò ń gbọ́, Goku inú Dragon Ball ni mò ń wò.

Mo wá dé Amẹ́ríkà, mo fowó ara mi ra tíkẹ́ẹ̀tì àpéjọ anime kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tajà níbẹ̀ wò mí, ó ní ọ̀rẹ́kùnrin mi dà, ta ni mo tẹ̀lé wá. Háà!

Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Irọ́ ni. Comiket, ọjà tí àwọn tó fẹ́ràn manga, ìyẹn kọ́míìkì Japan, ti ń ta ìwé tí wọ́n ṣe fúnra wọn, àkọ́kọ́ ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Tokyo ní oṣù Kejìlá 1975, nǹkan bí 700 èèyàn ló wá, àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ ilé-ìwé ló pọ̀ jù níbẹ̀, manga àwọn obìnrin ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá. Ẹni tó kọ manga InuYasha, Rumiko Takahashi, obìnrin ni. Ẹni tó kọ Fullmetal Alchemist náà obìnrin ni, orúkọ tó dún bíi ti ọkùnrin ló fi ń kọ ọ́, Hiromu, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìdí.

Amẹ́ríkà níbí lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, torí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni àwọn tó fẹ́ràn anime ń dà kọ fúnra wọn nígbà yẹn, nínú kílọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ọkùnrin ló pọ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì náà, tí obìnrin bá wọlé, gbogbo orí ló máa yí. Ìgbà tí Sailor Moon dé orí tẹlifíṣọ̀n wọn ní 1995, àwọn ọmọbìnrin ń wò ó nínú ilé wọn, nígbà tó yá manga wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé gidi tí màmá èèyàn lè mú un lọ, wọn ò nílò kílọ́ọ̀bù ẹnì kankan mọ́. Cosplay, ìyẹn kéèyàn múra bí ẹni inú anime, wá bá wọn lára mu, torí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú ni, àwọn tó sì mọ ìránṣọ ò kéré nínú wọn. Mo lọ Otakon, àpéjọ anime kan, ní Baltimore kó tó kó lọ sí Washington ní 2017, inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé a pọ̀. Ìlà yẹn! Ọmọbìnrin kan ń lẹ ìyẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, ìyẹ́ yẹn gba ojú ọ̀nà, gbogbo wa ń fẹ̀gbẹ́ kọjá.

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ dùn o. Ẹnì kan ya fọ́tò mi láti ẹ̀yìn, mo bi í ó ní ṣebí mo wọṣọ fún wíwò ni. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló fà á tó fi jẹ́ pé ní 2014, àpéjọ kọ́míìkì New York Comic Con gbé pátákó síta pé tí èèyàn bá wọ cosplay, kò túmọ̀ sí pé ó ti yọ̀ǹda ara ẹ̀. Báyìí wàyí, àwọn kan ń ráhùn pé obìnrin ti gba anime mọ́ wọn lọ́wọ́, bí ẹni pé oko bàbá wọn ni.

Ẹ jẹ́ n padà sí ti ọmọ yẹn. Síkẹ́ẹ̀tì Sailor Moon kúrú, Ìyá wa ní kò ní wọ̀ ọ́ jáde nílé àwọn, àyàfi kí télọ̀ fi òfì mú un gùn dé ilẹ̀. Ọmọ ní, "Màmá àgbà, Sailor Moon kì í wọ òfì." Wọ́n ní, ìyẹn ni pé kò tíì dé Ìlọrin rí nìyẹn.