Ṣé Apó Wà Lára Ohun Ìjà?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ níbi ìpàdé wa ní Maryland nìyí, lórí òfin ìbọn ní Amẹ́ríkà: ṣé nǹkan tí wọ́n ń so mọ́ ìbọn wà lára ohun ìjà? Mo ti gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yọ àwàdà rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Alága fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú, mo sì mọ̀ pé ìrẹsì ti ń tutù lẹ́yìn, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. (Irọ́ ni. Mo fà á gùn.)

Ọdẹ mú ọrun lọ́wọ́, ó fi apó kọ́ èjìká, ọfà wà nínú apó. Ọba wá kéde pé: “N kò gba ọrun lọ́wọ́ yín o. Ṣùgbọ́n apó tó bá gbà ju ọfà mẹ́wàá lọ, ẹ gbé e wá sáàfin.” Ṣé ohun ìjà ni ọba fòfin dè, àbí àpò awọ lásán? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn ti tó jókòó ti àwọn adájọ́ San Francisco.

Láti 1791 ni Àtúnṣe Kejì sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú láti ní ohun ìjà àti láti gbé e lójú mọ́lẹ̀. Ẹ mọ ẹjọ́ Heller ti 2008 tó ní ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, ẹ mọ ẹjọ́ McDonald ti 2010 tó fi okùn náà de àwọn ìpínlẹ̀, n kò ní tún un kà. Ẹjọ́ Bruen ti 2022 ni kí ẹ bá mi dì mú. Adájọ́ Clarence Thomas ti Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ ní bí ọ̀rọ̀ inú Àtúnṣe Kejì bá ti bo ohun tí ènìyàn fẹ́ ṣe, ìpínlẹ̀ ni yóò fi ìtàn hàn pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

“Bí” yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lọ́yà ìpínlẹ̀ tó bá ti lè pe nǹkan náà ní àfikún, ìyẹn nǹkan tí wọ́n kàn so mọ́ ìbọn, kì í tún ṣe ohun ìjà mọ́, kò sì ní ìtàn kankan í wá kiri. Orúkọ ti dá ẹjọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, ìyàwó mi sì ti gbọ́ ọ títí ó ti sú u.

Ẹ wo California. Láti 2000 ni wọn kì í ti í ta mágásíìnì, àpò ọta inú ìbọn, tó gbà ju ọta 10 lọ níbẹ̀. Ní 2016, àwọn olùdìbò ní kí ẹni tó ti ní i tẹ́lẹ̀ pàápàá kó o kúrò nílé. Adájọ́ Roger Benitez ní San Diego fagi lé òfin yìí ní 2019, ó tún fagi lé e ní 2023. Ní oṣù kẹta 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní San Francisco dá òfin náà láre, adájọ́ 7 sí 4. Wọ́n ní mágásíìnì ńlá kì í ṣe ohun ìjà, kò sì sí lára àfikún tí ìbọn kò lè ṣe kó má ní. Inú bí Adájọ́ VanDyke, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí kò fara mọ́ ọn, tó bẹ́ẹ̀ tó fi ya fídíò nínú ọ́fíìsì rẹ̀, tó ń tú ìbọn palẹ̀ bíi mẹkáníìkì, kí ayé lè rí ohun tí wọ́n ń pè ní àfikún. Àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Èmi kò ní ìbọn, báírò ni mo mú jáde. Mo yọ ọ̀pá íǹkì inú rẹ̀, mo ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi kọ orúkọ rẹ̀. Ó ha ìwé títí, kò mú nǹkan jáde. Ẹ̀gbọ́n kan níwájú ní, “Báírò tí íǹkì rẹ̀ kéré ṣáà ń kọ̀wé.” Òótọ́ ni, ohun tí àwọn adájọ́ méje náà sọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ọfà kọkànlá ló wá sọ apó di ohun ọ̀ṣọ́?

N kò sọ pé kí California má ṣòfin. Kó jáde sójú agbo ni mo wí, kó fi ìtàn òfin àtijọ́ jà: òfin ìtọ́jú ẹ̀tù, òfin tó de ìbọn tí wọ́n ń dẹ bíi pàkúté, òfin tó de ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n ń pè ní Bowie. Àwọn adájọ́ méje náà tilẹ̀ gba ọ̀nà yẹn lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ àfikún tán. Ibẹ̀ ni ìdájọ́ gidi wà.

Alága ti na ìka márùn-ún sókè. Kíá: ẹjọ́ bump stock (ohun tí wọ́n ń so mọ́ ìbọn kó lè máa yìn léraléra kíákíá), Cargill, ní 2024, kì í ṣe ti Àtúnṣe Kejì rárá. Ìtumọ̀ òfin àpapọ̀ lórí ìbọn arọ̀jò-ọta ni, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ fòfin de bump stock ṣì lè dè é. Ohun tí ń pa ariwo ìbọn, ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣàkóso rẹ̀ láti 1934, àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ sì fòfin dè é pátápátá.

Ibẹ̀ ni màmá kan ti dìde lẹ́yìn. “Ọmọ mi, èmi kò mọ̀ nípa apó. Ọmọkùnrin mi wà ní Sacramento. Ọ̀sẹ̀ tí adájọ́ San Diego yẹn ṣílẹ̀kùn ní 2019 ló fowó rẹ̀ ra mágásíìnì ńlá náà. Bí wọ́n bá ní kó kó o kúrò, ta ni yóò san owó rẹ̀?”

Ìbéèrè Àtúnṣe Karùn-ún nìyẹn: ìjọba tó bá gba ohun ìní ènìyàn láti lò ó fún aráàlú gbọ́dọ̀ sanwó. Ní 2015, nínú ẹjọ́ Horne, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìjọba gbọ́dọ̀ sanwó èso àjàrà gbígbẹ tó gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí yìí, ní Maryland, nígbà tí ìpínlẹ̀ fòfin de bump stock, àwọn tó ní i pẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n fìdí rẹmi ní 2020. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin náà kò sọ pé kí wọ́n kó o wá fún ìjọba.

“Ṣé ó wá ṣì wà lọ́wọ́ wọn?”

“Rárá, Mà.”

“Ó dáa,” ló wí, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó tún bi mí nípa apó. Ọ̀rọ̀ owó ni gbogbo ilé ń sọ títí tí wọ́n fi gbé ìrẹsì wá.